Abáfẹ́fẹ́yí: Bí A Ṣe Kan Ẹ̀rọ Onípákó Kan Nílé Wa

  Ọ̀rọ̀ gírámà ni ẹ sábà máa ń bá lọ́dọ̀ mi: ọ̀rọ̀ ohùn, ọ̀rọ̀ àrànmọ́, ọ̀rọ̀ ìpajẹ. Lónìí, ọ̀rọ̀ ayùn àti ìṣó ni mo gbé wá. Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni, ẹnu ọ̀nà mìíràn ni a óò gbà wọlé.

Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, wọ́n ní kí ọmọbìnrin mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ṣe ohun kan tí afẹ́fẹ́ lè máa yí, kí ó gbé e wá sí kíláàsì, kí ó sì ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìtumọ̀ ohun náà wà nínú ìwé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti há a sórí. Ó ń kà á bí ẹni tí ń ki oríkì ìdílé onídìílé. Mo bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì pé báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe ń yí i. Ó dákẹ́. Mo ní kí ó fi Yorùbá gbìyànjú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá mi, èyí kò ṣeé sọ ní Yorùbá. Sáyẹ́ǹsì ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní yunifásítì; òun ni mo ń jẹ, òun ni mo ń mu. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. N kò sì lè bá ọmọ náà wí, nítorí ibi tí ó ti gbọ́ ọ kò jìnnà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹni tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì yóò san owó ìtanràn. Kí ni ọmọ yóò rí kọ́ nínú irú òfin bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe pé Yorùbá wà fún oúnjẹ, fún àdúrà àti fún ìbáwí, pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìmọ̀, ìta ni kí èdè wa ti dúró de ni? Mo pinnu pé a óò kan ohun náà nílé fúnra wa, àti pé Yorùbá nìkan ni a óò máa sọ nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí èdè wa kò bá lè gbé e, kí a mọ̀. Bí ó bá lè gbé e, kí ọmọ mi mọ̀.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà kí wọ́n tó bí mi. "Bàbá" ni mo ń pè wọ́n. "Tíṣà" ni wọ́n ń pè mí. "Ìyá mi" ni wọ́n ń pe ọmọ mi. A tọ̀ wọ́n lọ ní ọjọ́ Sátidé kan, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ṣàlàyé ohun tí a ń wá. Wọ́n wo àwòrán inú ìwé ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Tíṣà, èwo ni yóò máa yí nínú rẹ̀, èwo ni yóò dúró?" Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Ohun tí yóò yí kò gbọdọ̀ wúwo. Ohun tí yóò dúró kò gbọdọ̀ fúyẹ́."

Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ó yan igi fún wa. Arère ni Bàbá mú fún apá tí yóò máa yí, nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò àti kòkòrò tètè ń bà á jẹ́ bí a kò bá kùn ún lọ́dà. Ìrókò ni wọ́n mú fún òpó, nítorí ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i jẹ. Ní ti irin tí apá yóò ti máa yí, wọ́n rán ọmọ mi sí ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kí ó gba irin àárín ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere àlòkù wá, èyí tí àwọn ọmọ irin róbótóróbótó wà nínú rẹ̀. A fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, a sì fi gírísì sí i. Nígbà tí ọmọ mi fi ìka kan tì í, ó yí, ó yí, kò fẹ́ dúró mọ́.

Apá mẹ́rin ni a gé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40. Ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8, ṣóńṣó rẹ̀ sì fẹ̀ ní 5. Òpó gùn ní mítà 3, a sì ri ìdajì mítà mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀.

Mo mú ìwé àti gègé dání kí n lè máa kọ orúkọ tí ẹnikẹ́ni bá pe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀; èmi fúnra mi kò dárúkọ kankan. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìwé mi ti kún. Àwọn igi mẹ́ta tí ó ti òpó lẹ́yìn kí ó má baà wó di ẹsẹ̀. Ibi tí ohun tó wà lókè ti lè yíjú sọ́tùn-ún sósì di ọrùn. Ohun tí ó jókòó lórí ọrùn di orí. Pákó pẹlẹbẹ tí ó nà sẹ́yìn orí di ìrù. Igi róbótó tí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé ni a kọ́kọ́ wá orúkọ fún, àfi ìgbà tí ọmọ mi pè é ní ìdodo. Bàbá gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, "Ìyá mi, mú ìdodo yẹn wá," bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n ti ń pè é láti ọjọ́ aláyé ti dáyé nìyẹn.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Èdè tí ó ní ẹsẹ̀ àga, ọrùn ìgò, etí odò àti ojú ọ̀nà ti ní ọgbọ́n yìí lápò tipẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ohun kan. Orúkọ wọ̀nyí ju àmì tí a lẹ̀ mọ́ nǹkan lọ. Àlàyé wà nínú wọn. Nígbà tí mo bi ọmọ mi pé, "Kí ni ìrù wà fún?" kò wo ìwé kankan. Ó ní ìrù ni ẹyẹ fi ń darí ara rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà ìrù ni yóò máa yí orí ẹ̀rọ wa kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Mo bọ̀wọ̀ gidigidi fún iṣẹ́ tí àwọn àgbà bí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe lórí èdè-ìperí Yorùbá. Ohun tí mo ń fi kún un ni pé ìsọ̀ káfíńtà pẹ̀lú jẹ́ ilé ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀.

Ìdánwò gidi dé nígbà tí a fẹ́ fi apá sínú ìdodo. A kọ́kọ́ to àwọn apá náà kí ojú wọn kọ sí afẹ́fẹ́ gbansasa, bí ìgbà tí ènìyàn na àtẹ́lẹwọ́ síta. A tan fáànù sí i. Ó gbọ̀n, kò yí. A yí wọn kí etí wọn kọ sí afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ kọjá lọ, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Bàbá wá tẹ apá kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, gbogbo wọn sí apá kan náà. Ó yí.

Bàbá bi í pé, "Ìyá mi, bí ẹnìkan bá tì ọ́ láyà tààrà, ibo ni wàá lọ?"

"Ẹ̀yìn, sà."

"Bí ó bá gbún ọ léjìká kan ńkọ́?"

"Màá yí, sà."

Ibẹ̀ ni mo ti gba ọ̀rọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ tí ó bá apá tí ó tẹ̀ pàdé kò rí ọ̀nà lọ tààrà mọ́. Apá yà á sí ọ̀tún. Bí apá sì ti ń ti afẹ́fẹ́ sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń ti apá sí òsì, nítorí kò sí ẹni tí yóò ti nǹkan tí nǹkan náà kò ní tì í padà. Apá mẹ́rin, òsì mẹ́rin, ìdodo kan láàárín: kí ni wọn yóò ṣe bí kò ṣe kí wọ́n máa yí?

Ó kù ẹyọ kan. Nínú àwòrán ìwé náà, ìdí apá tẹ̀ púpọ̀, ṣóńṣó rẹ̀ kò tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, a gbẹ́ ẹ kí ìdí tẹ̀ tó ìwọ̀n dìgírì 25, kí ṣóńṣó tẹ̀ tó 8. Ọmọ mi béèrè ìdí rẹ̀. Mo rán an létí eré tí àwọn ọmọdé máa ń ṣe, tí wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú ní ìlà kan, tí ìlà náà á sì máa yí. Ẹni tí ó wà láàárín kàn ń yí lójú kan ni. Ẹni ìkẹyìn ń sáré àsápajúdé kí ọwọ́ má baà já. Ṣóńṣó apá ni ẹni ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá sì ń sáré, bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, iwájú ni yóò máa rò pé ó ti ń bọ̀. Nítorí náà ṣóńṣó, tí ń sáré jù, ní láti kọ etí sí iwájú ju ìdí lọ kí afẹ́fẹ́ má baà dí i lọ́wọ́. Ọmọ náà dìde, ó na ọwọ́, ó ń yí lójú kan, ó ń wo ìka rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni! Ìka mi ló ń sáré."

Bàbá fi ohun tí ó kẹ́yìn kọ́ wa. Wọ́n gbé ìdodo kọ́ sórí ìṣó, wọ́n sì fi ọwọ́ yí i. Apá kan náà ni ó ń sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ nígbà gbogbo. Wọ́n fá a díẹ̀, wọ́n tún yí i, wọ́n tún fá a, títí ó fi jẹ́ pé ibikíbi tí a bá fi í sí ni ó ń dúró sí. Wọ́n ní bí apá kan bá wúwo ju èkejì lọ, gbogbo rẹ̀ ni yóò máa gbọ̀n, ọrùn ni yóò sì kọ́kọ́ ya.

A gbé e nàró ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ó jìnnà sí ògiri, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó bá forí sọ ògiri a máa dàrú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ mi fi ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. A kò ní ohun èlò tí a fi ń wọn eré afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni a fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ó bá jẹ́ atẹ́gùn, tí ó kàn tu ènìyàn lára, apá kì í mira. Nígbà tí ó bá di afẹ́fẹ́, tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jù, apá ń yí tí a sì lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá di ẹ̀fúùfù, irú èyí tí ń ṣíwájú òjò, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Nígbà tí ó bá fẹ́ di ìjì, a sáré tú apá sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀kan náà ni atẹ́gùn àti afẹ́fẹ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn; nílé wa, ohun ìwọ̀n ni wọ́n.

A so okùn mọ́ irin tí ń yí, a sì so agolo mílíìkì tí a bu iyẹ̀pẹ̀ sí mọ́ ìsàlẹ̀ okùn. Afẹ́fẹ́ fa agolo kan sókè tìpọ́ntìpọ́n. Nígbà tí ẹ̀fúùfù dé, ó fa ọ̀pọ̀ agolo bí ẹni mú ewé. Ọmọ mi rò pé ẹ̀fúùfù tí eré rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì yóò ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì. Mo ní rárá, ìlọ́po mẹ́jọ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá sáré ní ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ tí ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan yóò di ìlọ́po méjì. Agbára inú ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ yóò sì di ìlọ́po mẹ́rin. Méjì lọ́nà mẹ́rin, mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú eré afẹ́fẹ́ fi ń di ìyàtọ̀ ńlá nínú iṣẹ́. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ó fi jẹ́ pé apá òkè ọya, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ, ni ìjọba gbé ẹ̀rọ 37 kalẹ̀ sí, ní Lambar Rimi ní ìpínlẹ̀ Kàtsínà, láti fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mẹ́gáwáàtì 10.

Ó tún béèrè bóyá a lè ṣe ẹ̀rọ tí yóò gba gbogbo agbára inú afẹ́fẹ́ pátápátá. Albert Betz, onímọ̀ ará Jámánì, ti dáhùn ìbéèrè yẹn ní ọdún 1919: kò sí apá tí ó lè gbà ju nǹkan bí 59 lọ nínú 100. Ẹ ronú nípa ẹnu ọ̀nà ọjà. Bí àwọn tí ó wọlé bá dúró gbagidi sí ẹnu ọ̀nà, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí ibi gbà. Afẹ́fẹ́ tí a bá gba gbogbo agbára rẹ̀ yóò dúró lẹ́yìn apá, yóò sì dínà fún èyí tí ń bọ̀. A gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún un kí ó lè fi rìn lọ.

Nígbà tí ọjọ́ kíláàsì pé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí ó fi ṣàlàyé, Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó sì fi ṣe é. N kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo fún ọjọ́ náà. Olùkọ́ bi í pé kí ló dé tí apá náà fi lọ́ báyìí. Ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí ń yí ní ìlà. Ohun tí ó fẹ́ sọ ti wà nínú rẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà ìta fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe ilé tèmi nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Wọ́n ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí ni ìdánwò ti ń ṣòro fún jù, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó jẹ́ láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Èmi kò ta ko Gẹ̀ẹ́sì. Òun náà ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tí kò mọ ìdí tí apá fi ń yí kò ní mọ̀ ọ́n nítorí pé a gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku orúkọ odidi rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní ọlọ afẹ́fẹ́. Orúkọ yẹn ní ìtàn. Ní Nashtifan ní orílẹ̀-èdè Ìránì, irú ẹ̀rọ yìí tí wọ́n fi amọ̀, koríko àti igi ṣe ń lọ àlìkámà ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn 19 tí ó wà ní Kinderdijk ní Nẹ́dálándì, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 1997, omi ni a kọ́ wọn láti máa fà. Orúkọ ọlọ kò sì kúrò lára wọn lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Tiwọn nìyẹn. Ní etí Yorùbá, ọlọ àti afẹ́fẹ́ kì í rìn pọ̀: àdúrà wa ni pé ìjì kì í jà kó gbé odó, ìjì kì í jà kó gbé ọlọ. Ọlọ ni ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè mì. Èyí tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé mi kò lọ ata, kò lọ ẹ̀gẹ́.

William Kamkwamba, ọmọ Màláwì tí wọ́n bí ní ọdún 1987, dojú kọ ìṣòro yìí rí. Nígbà ìyàn ọdún 2001 sí 2002, òbí rẹ̀ kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san. Ó wọ ilé-ìkàwé, ó ń fi àwòrán inú ìwé mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yí àwòrán ká, ó sì fi igi, ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ológeere àti fáànù katakata kọ́ èyí tí ó tan iná nílé wọn. Nígbà tí àwọn ará abúlé béèrè ohun tí ó ń kọ́, ó fi Chichewa pè é ní magetsi a mphepo: iná ti afẹ́fẹ́. Kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan.

Àwa náà kò dúró. Bí a ti ní abánigbé àti abániṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a mú *a*, *bá*, *afẹ́fẹ́* àti *yí*, a pa fáwẹ̀lì kan jẹ, a sì rí *abáfẹ́fẹ́yí*: ohun tí ń bá afẹ́fẹ́ yí. Ọmọ mi fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ìrù rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn. Bàbá kà á, wọ́n ní ó gùn, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ó ń ṣe.

Bí ẹ bá ní orúkọ tí ó sàn jù ú lọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ kọ́kọ́ kan tiyín ná, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọdé kan wà nídìí rẹ̀. Ire o.